Ìdì ọgbẹ́: ojú aṣọ ṣe pàtàkì ju bí aṣọ ṣe nípọn tó lọ

Bí ènìyàn bá fara pa ní àdúgbò Dilimi nílùú Jos, tàbí ní ibòmíràn lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé kì í sábà yàtọ̀: kí ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ojú ọgbẹ́ náà, kí ó lè tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn láti ọdún 1962 ni pé ọgbẹ́ tó gbẹ táútáú kì í tètè jinná. Bákan náà ni ọgbẹ́ tí omi ń dúró sí lójú nígbà gbogbo kì í jinná dáadáa. Ohun tí ọgbẹ́ ń fẹ́ ni ọ̀rinrin ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, aṣọ tí a sì fi dì í ló lè pa ọ̀rinrin náà mọ́ tàbí kí ó bà á jẹ́.

Èyí ló fà á tí àwọn onímọ̀ nípa aṣọ àti àwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti tún ojú fọ́nrán aṣọ ìdì ọgbẹ́ ṣe. Ète wọn ni pé kí aṣọ náà fa omi tó pọ̀jù mu, kí ó fi èyí tó tó sílẹ̀, kí ó má sì lẹ̀ mọ́ ẹran ara tuntun tó ń hù lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé ìwòsàn ńlá nìkan. Ó kan ẹni tó ní egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná láti oṣù mẹ́ta, ọmọdé tí omi gbígbóná dà sí lára, àti aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà tí ọgbẹ́ kékeré kan lè mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọyẹ́ àti òjò ní Dilimi

Dilimi wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Jos, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló la ìlú kọjá, tó ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn, tí omi rẹ̀ sì ń bá ti àwọn odò tó ń lọ sí adágún Chad pàdé. Àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń gbé nílùú Jos láti ayé ìwakùsà tánńganran, ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ìlú Jos wà lórí ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa gbẹ, ètè àti gìgísẹ̀ a máa sán, aṣọ tí a sá sórí okùn a sì máa gbẹ kíákíá. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí aṣọ lórí okùn náà ló ń ṣe sí gọ́ọ̀sì, ìyẹn aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ihò wínníwínní, tí a fi bo ojú egbò. Ó ń fa omi inú rẹ̀ lọ, gọ́ọ̀sì náà a sì gan mọ́ ẹran ara. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, aláìsàn a ké, ẹ̀jẹ̀ a sì tún jáde láti ibi tó ti fẹ́ jinná.

Nígbà tó bá di oṣù keje àti oṣù kẹjọ, tí òjò ń rọ̀ léraléra, ọ̀rọ̀ a yí padà. Aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ìdì ọgbẹ́ a sì máa tutù fún ìgbà pípẹ́. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Omi ìdọ̀tí àti pàǹtírí àárín ìlú ń ṣàn wọ inú odò Dilimi, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi omi odò náà rin oko ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹni tó ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ bá wọ irú omi bẹ́ẹ̀, tí ìdì ọgbẹ́ rẹ̀ sì rẹ láti òde dé inú, omi inú aṣọ náà lè di ọ̀nà tí kòkòrò àrùn ń gbà dé ojú ọgbẹ́.

Kí ló dé tí ọgbẹ́ kò fi fẹ́ gbígbẹ?

Ní ọdún 1962, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Winter, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Ó ṣe ọgbẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ara àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ó fi ọ̀rá bo àwọn kan, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí wọn kí wọ́n lè sé èépá. Awọ tuntun bo àwọn ọgbẹ́ tó wà lábẹ́ ọ̀rá ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyára àwọn tí a fi sílẹ̀ láìbò. Ní ọdún 1963, àwọn oníwádìí mìíràn, Hinman àti Maibach, fi hàn pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ènìyàn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó lóye. Awọ tuntun máa ń hù láti etí ọgbẹ́ wá sí àárín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń rìn lórí ibi tó rin, bí ẹni ń yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Bí ojú ọgbẹ́ bá gbẹ, tí èépá líle sì bò ó, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò ríbi rìn mọ́. Wọ́n ní láti wá ọ̀nà gba abẹ́ èépá náà kọjá, níbi tí ọ̀rinrin ṣì wà. Ọ̀nà náà jìn, ó sì ń fi àkókò ṣòfò. Èépá tí àwọn ènìyàn fi ń dunnú pé ọgbẹ́ ti ń san lè jẹ́ ìdènà fún ìsàn náà.

Omi tó pọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀

Awọ ara tó dá ṣáká jẹ́ odi tó lágbára. Omi tó ń gba inú rẹ̀ jáde láàárín wákàtí 24 jẹ́ nǹkan bí 200 gíráàmù lórí mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òòró. Níbi ọgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀, tí ẹran ara tuntun ti ń hù, omi tó ń jáde lórí ìwọ̀n àyè kan náà lè tó 5,000 gíráàmù. Bí a bá mú ọgbẹ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, èyí túmọ̀ sí nǹkan bí 50 gíráàmù omi lójúmọ́, ìyẹn bí ṣíbí ìmu-tíì mẹ́wàá. Awọ tó dá, tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kì í tú ju gíráàmù 2 lọ.

Bí aṣọ kò bá lè gba omi náà, yóò dúró sí ojú ọgbẹ́. Awọ tó wà létí ọgbẹ́ a rọ̀, a sì funfun bí ìka ọwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Irú awọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bó, ọgbẹ́ a sì fẹ̀ sí i. Nínú egbò tó ti pẹ́, omi tó ń sun jáde tún máa ń ní àwọn èròjà tó ń jẹ ẹran ara tuntun bí ó ṣe ń hù. Òórùn burúkú àti aṣọ tó rẹ a sì lé ẹlòmíràn kúrò láàárín ẹgbẹ́, kúrò ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà.

Iṣẹ́ ìdì ọgbẹ́ ni láti wà láàárín ìṣòro méjèèjì yìí. Ìgbàgbọ́ àwọn kan ni pé bí aṣọ bá ti nípọn, ó ti tó. Ṣùgbọ́n nínípọn kò tó. Ohun tó ń ṣe ìpinnu ni bí omi ṣe ń ṣe sí nígbà tó bá kan ojú fọ́nrán tí a fi hun aṣọ náà.

Ẹ̀kọ́ lára ewé kókò àti àdìrẹ

Ẹni tó bá ti wo ewé kókò lẹ́yìn òjò mọ̀ pé omi kì í tẹ́ lójú rẹ̀. Ó ń ṣùjọ di róbótó, ó sì ń yí bọ́ sílẹ̀. Ẹ da omi kan náà sórí aṣọ òwú tí a ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, yóò tẹ́ lọ, aṣọ yóò sì fà á mu. Omi kò yàtọ̀. Ojú tó bọ́ sí ló yàtọ̀. Ìda wà lójú ewé kókò, pẹ̀lú àwọn kókó wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí, àwọn méjèèjì ni kì í jẹ́ kí omi ráyè dúró.

Àwọn aláró Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Ìbàdàn ti mọ ìlànà yìí tipẹ́. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n a fi ẹ̀kọ tí a ro láti inú láfún ya ọnà sára aṣọ. Nínú èyí tí a ń fi àbẹ́là ṣe, ìda ni wọ́n ń kán sí i. Ibi tí ẹ̀kọ tàbí ìda bá bò, aró kì í wọ̀ ọ́. Wọ́n tún mọ̀ pé bí a kò bá fọ sitáàṣì kúrò lára aṣọ tuntun, aró kì í mú un dáadáa. Aṣọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà, omi sì ń bá a lò lọ́nà mìíràn.

Òwú fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tó yanjú. Òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lóko kì í mu omi. Bí a bá sọ ọ́ sínú igbá omi, yóò léfòó. Ara òwú fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo fọ́nrán rẹ̀ níta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìda náà kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n òwú náà lọ. Kí òwú tó lè di ohun èlò ilé ìwòsàn, wọ́n ní láti sè é nínú omi oníkóstíìkì kí ìda náà lè bọ́, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ funfun. Òfin tó de oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù là á sílẹ̀ pé òwú ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ rì sínú omi láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, gíráàmù kan rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè gba omi tó tó gíráàmù 23 ó kéré tán.

Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ kan nílùú Birmingham, Joseph Gamgee, ṣe ìdì ọgbẹ́ olókìkí rẹ̀ ní ọdún 1880, irú òwú tí a ti yọ ìda rẹ̀ yìí ló fi sí àárín gọ́ọ̀sì méjì. Àtúnṣe ojú fọ́nrán ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe lónìí jẹ́ ìtẹ̀síwájú lórí èrò kan náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún ojú aṣọ ṣe

Ọ̀nà kìíní ni fífi òróró tàbí ọ̀rá kun aṣọ kí ó má baà lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Auguste Lumière ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí òun àti àbúrò rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nítorí sinimá, ṣe aṣọ oníhò tí a rì sínú ọ̀rá fún ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun. Gọ́ọ̀sì onífasilíìnì tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò fún ojú iná, àti Sofra-Tulle tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, wá láti ìdílé kan náà. Ọ̀rá náà ń dènà kí aṣọ gan mọ́ ẹran ara, omi tó pọ̀jù sì ń gba àárín ihò rẹ̀ bọ́ sínú òwú tí a gbé lé e lórí. Àlèébù rẹ̀ ni pé bí ó bá pẹ́ lára, pàápàá lásìkò ọyẹ́, òun náà lè gbẹ, kí ẹran ara sì hù wọ inú ihò rẹ̀. Àwọn aṣọ oníhò tí a fi sílíkónì kùn ń ṣe iṣẹ́ kan náà, wọn kì í sì í gbẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n jù ú lọ.

Ọ̀nà kejì ni sísọ fọ́nrán di ohun tó ń di ọ̀jẹ̀lẹ̀ nígbà tó bá mu omi. A lè fi oògùn yí òwú padà di carboxymethyl cellulose. Bí fọ́nrán rẹ̀ bá kan omi ọgbẹ́, yóò wú, yóò sì dà bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Omi tó ti wọ inú rẹ̀ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ àtijáde mọ́, kì í sì í tàn ká sí awọ tó dá ní ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́. Fọ́nrán alginate, tí wọ́n ń ṣe láti inú koríko òkun, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ń pààrọ̀ àyè pẹ̀lú sódíọ̀mù inú omi ọgbẹ́, fọ́nrán a sì di ọ̀jẹ̀lẹ̀ rírọ̀ tí a lè fi omi iyọ̀ wẹ̀ kúrò láìfa ìrora. Irú aṣọ wọ̀nyí wà fún ọgbẹ́ tí omi ń sun púpọ̀. Bí a bá fi wọ́n sórí ọgbẹ́ tó ti gbẹ, wọn yóò fa ìwọ̀nba ọ̀rinrin tó kù lọ.

Ọ̀nà kẹta ni aṣọ olójú méjì. Ojú tó kan ọgbẹ́ kì í gba omi dúró, ó sì fẹ́lẹ́. Ojú ti òde fẹ́ràn omi gan-an. Omi tó bá pọ̀jù a gba ihò wínníwínní ojú àkọ́kọ́ kọjá, ojú kejì a fà á mọ́ra, kò sì ní rọrùn fún un láti padà sẹ́yìn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ aṣọ tí a ṣe lọ́nà tó sún mọ́ èyí, tí òógùn kì í fi í dúró sí wọn lára. Pampers ọmọdé náà ń lo ìlànà yìí: ojú tó kan ara ọmọ gbẹ, ìtọ̀ sì wà nínú.

Láti ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ lè gbé aṣọ sínú àpótí kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi gáàsì díẹ̀ sí i, kí iná mànàmáná sì gba inú gáàsì náà kọjá. Gáàsì náà a máa tàn yòò, èérún rẹ̀ a sì máa lu òde fọ́nrán. Bí ó bá jẹ́ ọ́síjìn ni wọ́n lò, ojú aṣọ yóò túbọ̀ fẹ́ràn omi. Bí ó bá jẹ́ gáàsì tó ní flúórínì, yóò máa lé omi sẹ́yìn. Ìdílé fọ́nrán náà, agbára rẹ̀ àti rírọ̀ rẹ̀ kì í yí padà, nítorí òde nìkan ni iṣẹ́ náà kàn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni plasma.

Ọ̀nà kẹrin dá lórí kòkòrò àrùn. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ní òde ara tó ń sá fún omi. Bí aṣọ náà bá ní ojú tó ń sá fún omi, inú omi ọgbẹ́ ni àwọn méjèèjì yóò ti lẹ̀ mọ́ra, bí ẹ̀kán òróró méjì ṣe ń ṣùjọ nínú ọbẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ṣí aṣọ náà, yóò kó kòkòrò lọ láìlo oògùn apakòkòrò. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àjọ NICE tó ń gba ilé ìwòsàn ìjọba nímọ̀ràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí irú ìdì bẹ́ẹ̀ kan, Leukomed Sorbact, fún ojú iṣẹ́ abẹ ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ òpójẹ̀.

Oyin àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè yí ojú aṣọ padà. Gọ́ọ̀sì tí a rì sínú oyin náà jẹ́ aṣọ tí ojú rẹ̀ ti yí padà. Ṣúgà inú oyin ń fa omi láti inú ẹran ara tó wú, ó ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rin, kì í sì í jẹ́ kí gọ́ọ̀sì gan. Ní ọdún 1988, Dókítà S. E. E. Efem ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Calabar tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí aláìsàn 59 tí wọ́n fi oyin tọ́jú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ wọn ti kọ̀ láti jinná sí ìtọ́jú mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn 58 rí ìyípadà rere.

Ní ọdún 2005, Okeniyi àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Iléṣà tẹ ìwádìí tiwọn jáde. Wọ́n fi oyin wé EUSOL, omi apakòkòrò tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Edinburgh ní ọdún 1915, lára ọmọdé 32 tí wọ́n la eéwo ńlá fún. Ojú ọgbẹ́ àwọn tí a fi oyin tọ́jú tètè mọ́, awọ tètè bò ó, wọ́n sì tètè kúrò nílé ìwòsàn ju àwọn tí a fi EUSOL tọ́jú lọ.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn dókítà tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2003 lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi bo ojú iná àti ibi tí a ti bó awọ láti fi lẹ ibòmíràn. Ìrora àwọn tí a fi ewé bò kéré púpọ̀ sí ti àwọn tí a lo gọ́ọ̀sì onífasilíìnì fún, nítorí ojú ewé náà ní ìda, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́. Àmọ́ ṣá o, inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe gbogbo èyí. Ewé tí a já lóko tàbí oyin àdàlù tí a rà lójú títì kì í ṣe ohun tí a ń fi sórí ọgbẹ́ láìbéèrè.

Ibi tí agbára aṣọ mọ

Nínú aláìsàn 59 ti Calabar, ẹnìkan ṣoṣo ni oyin kò ràn lọ́wọ́. Ẹ̀yìnwá ni wọ́n rí i pé àrùn Buruli ló ń bá a jà. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀. Ìdì ọgbẹ́ ń tọ́jú omi. Kì í wo àrùn tó fa ọgbẹ́.

Kòkòrò tó fa àrùn Buruli jẹ́ ìbátan èyí tó fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ife. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó tí kì í dunni, kí ó tó ṣí di egbò gbàràmù. Ní Pobè, nílẹ̀ Benin, láàárín àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá, ilé ìtọ́jú kan wà fún àrùn náà. Láàárín ọdún 2005 sí 2013, ó lé ní 100 ará gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀. Oògùn rifampicin pẹ̀lú clarithromycin, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń dámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí oògùn bá ti pa kòkòrò tán, egbò náà ṣì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó bò. Nínú àwọn oṣù wọ̀nyẹn, ìdì ọgbẹ́ tó dára ló ń pinnu bóyá aláìsàn yóò jìyà lójoojúmọ́ tàbí kò ní jìyà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, tí àwọn méjèèjì máa ń fa egbò ẹsẹ̀. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò bá wálẹ̀, tí ẹni náà sì ń fi ojú egbò tẹ ilẹ̀, kò sí aṣọ tí a lè fi dì í tí yóò jinná.

Ọ̀rọ̀ owó

Àwọn ìdì ọgbẹ́ tuntun wọ́n ju gọ́ọ̀sì lásán lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì ń kó wọlé láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n iye owó ẹyọ kan nìkan kọ́ ló yẹ kí a wò. Gọ́ọ̀sì lásán lè nílò ìpààrọ̀ lójoojúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ìdì tó ń di ọ̀jẹ̀lẹ̀ lè wà lára fún ọjọ́ mélòó kan. Ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní owó ọkọ̀, owó nọ́ọ̀sì, ìrora, àti ọjọ́ iṣẹ́ tí a pàdánù nínú.

Fún ẹni tí kò lágbára rẹ̀, ìlànà náà ṣì ṣeé tẹ̀lé pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ gọ́ọ̀sì onífasilíìnì tí ilé ìwòsàn ti pa kòkòrò ara rẹ̀, kí ó má baà lẹ̀. Ìpele kejì jẹ́ gọ́ọ̀sì tàbí òwú tó nípọn tó láti gba omi. Ìpele kẹta jẹ́ bándéèjì tó di gbogbo rẹ̀ mú láìfún ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, nọ́ọ̀sì lè dín òwú kù kí ọ̀rinrin má baà tán. Ní ìgbà òjò, ó lè fi kún un, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra.

Àǹfààní ń bẹ fún Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Wọ́n ń gbin òwú ní Kàtsínà, Zamfara àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lókè ọya, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa aṣọ. Láti orí òwú tó ń léfòó nínú igbá omi dé orí òwú tó ń rì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, iṣẹ́ ojú fọ́nrán ló wà láàárín wọn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó kọjá agbára ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wa.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Bí ọgbẹ́ bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ẹ fi omi mímọ́ tó ń ṣàn fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe lo omi odò. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì, iyanrìn, omi bátìrì, ìgbẹ́ màlúù tàbí ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i. Fún ọgbẹ́ kékeré, ẹ fi fasilíìnì mímọ́ ra ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì bò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sé èépá líle.

Bí aṣọ bá ti gan mọ́ ọgbẹ́, ẹ má ṣe fà á tu. Ẹ fi omi tí a ti sè tó sì ti tutù rin ín títí yóò fi rọ̀. Bí omi ọgbẹ́ bá ti hàn sí òde ìdì, tàbí tí òjò pa á, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìjáfara. Bí awọ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ bá ń funfun tó sì ń rọ̀, ìdì náà kò gba omi tó, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá bí ọgbẹ́ bá jìn, bí ajá tàbí ẹranko mìíràn ló bù yín jẹ, bí ọyún tàbí òórùn bá wà, bí pípọ́n àti wíwú bá ń tàn ká, bí ibà bá dé, tàbí bí ẹni náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ béèrè fún abẹ́rẹ́ àìsàn ìpá, tí àwọn òyìnbó ń pè ní tetanus. Egbò tó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìfi àmì jíjinná hàn kì í ṣe ohun tí a ń fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ nílé. Ní Jos, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jos wà ní Lamingo, ti Yunifásítì Bingham náà sì wà láàárín ìlú.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè méjì péré ló yẹ kí ẹ bi í nípa aṣọ tó fẹ́ fi di ọgbẹ́ náà: ṣé kò ní lẹ̀, àti ibo ni omi yóò gbà? Bí ìdáhùn méjèèjì bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọgbẹ́ náà ti rí ibi tí ó lè jinná sí.